Òṣìṣẹ́ Tí Ọkàn Rẹ̀ Balẹ̀

Láyé ìgbà tí a wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ olórí àwa òṣìṣẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, fáìlì ni ẹlẹ́rìí wa. Akọ̀wé kékeré á kọ èrò tirẹ̀, á fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá kò bá gbà, á kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹ̀rù kì í bà wá láti sọ òtítọ́, torí a mọ̀ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bó ti yẹ yóò gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹun.

Ní 1974, ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji tí ìjọba àpapọ̀ ní kó yẹ iṣẹ́ ìjọba wò dábàá pé kí á máa fi àbájáde iṣẹ́ wọn òṣìṣẹ́, kí owó oṣù sì lé sí i. Owó nìkan ni ìlú rántí. A gba àjẹsílẹ̀, ọjà sì gbówó lórí kí á tó ná an tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Múrítàlá Muhammed yọ òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000. Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ orúkọ ara wọn. Ọ̀bàyéjẹ́ wà láàárín wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò pe ọ̀pọ̀ kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ti ń bi ara rẹ̀ pé: bí wọ́n bá lé mi lọ́la, kí ni ọmọ mi yóò jẹ? Ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ló kù tí ó ń kọ sínú fáìlì. Àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ìjọba pamọ́ fún ara wọn.

Ọgbọ́n tuntun ti dé láti dí ọ̀nà olè, inú mi sì dùn sí i. IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà fún sísan owó oṣù tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ti yọ ọ̀pọ̀ orúkọ tí kò ní èèyàn lẹ́yìn kúrò nínú ìwé owó oṣù. Láti 2015 ni owó ìjọba àpapọ̀ ti ń wọ àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè bá ọ̀gá sọ òtítọ́. Òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló lè ṣe é.

Ẹ̀yin tó ń tún iṣẹ́ ìjọba ṣe lónìí, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí owó náà máa pé lóṣooṣù, kí ọkàn òṣìṣẹ́ lè balẹ̀. Ẹ sì gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ kí ẹ tó lé e.