Ìjánu Ọ̀la lórí Òkè Màpó

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Bẹẹrẹ gun òkè lọ sí Màpó, àwọn méjì kan wà tí wọn kì í ṣe babaláwo, ṣùgbọ́n tí àwọn náà ń wo ọ̀la. Wọn kò ní ọpọ́n, wọn kò sì ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ń bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ arúgbó tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Èkejì jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ó parí ilé-ìwé girama, tí ó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun méjì ni ó ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín wọn: irú fọ́ọ̀kì wo ni yóò máa gbé ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ iwájú, irú ìjánu wo ni yóò sì máa dá a dúró?

Ẹni tí kò mọ Ìbàdàn àtijọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Bí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún lọ súà títí ojú kò fi ní í tó o mọ́. Ọjà'ba ń bẹ nísàlẹ̀ ní apá kan, Bẹẹrẹ ń bẹ nísàlẹ̀ ní apá kejì. Kò sí ibi tí ènìyàn yóò gbà kúrò ní Màpó tí kò ní í sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀ náà ni oníṣòwò pàtẹ sí, ibẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Micra àti ọlọ́kadà ti ń du èrò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí yóò ṣe bọ́ sílẹ̀ ni wọn kò sọ. Ìjánu ni ó ń sọ ọ́.

Ìjánu ni Bàbá máa ń pè é. Bíréèkì ni ọmọ ń wí, bí gbogbo ayé ti ń wí. Bàbá kò jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn rò pé ohun tí a fi ń kó ẹṣin ìjòyè níjàánu tó láti fi pe ohun tí a fi ń kó irin níjàánu. Ìjánu tí òun fi kọ́ṣẹ́ ni ti Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1887. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ fa rọ́bà méjì mọ́ rímù. Lẹ́yìn èyí ni ti oníwáyà gbòde, irú wáyà inú páìpù tí Ernest Bowden gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1896. Bí òjò bá rọ̀, tí rímù sì tutù, a máa yọ̀, ẹni tí ń sọ̀ láti Màpó a sì na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kí bàtà rẹ̀ lè bá rọ́bà ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìjánu tí ó dára jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ó wà lára rẹ̀ ni ojú ń rí. Bí rọ́bà bá jẹ tán, ojú yóò rí i; bí wáyà bá ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ìka yóò bà á. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà ti ilẹ̀kùn ní Nottingham ní 2002, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá wọ́ ògbólógbòó Raleigh dé ọ̀dọ̀ Bàbá lónìí, yóò tún un ṣe láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Fọ́ọ̀kì ìgbà náà kò sì ní àṣírí. Irin tí ó pín sí ẹsẹ̀ méjì ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí òkúta bá gbá táyà, ọwọ́ àti èjìká ẹni tí ó gùn ún ni yóò jẹ ẹ́. Alùpùpù ni ó kọ́kọ́ rí ìtura. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta alùpùpù tí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọ inú ara wọn, tí sípíríǹgì àti epo sì wà nínú wọn. Sípíríǹgì nìkan kò tó, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Epo tí ń fi agbára káká gba ihò tóótòòtó kọjá ni ó ń mú kí ó padà ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọjá kí èyí tó di ti kẹ̀kẹ́ òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní 1989 ni Paul Turner àti Steve Simons dá RockShox sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Durango, Greg Herbold fi irú fọ́ọ̀kì wọn sọ̀ kalẹ̀ ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí. Atẹ́gùn gba ipò sípíríǹgì nínú ẹsẹ̀ kan, epo jókòó sínú ẹsẹ̀ kejì. Ìjánu pàápàá kúrò lára rímù, ó di àwo irin àárín àgbá, epo inú páìpù sì ni ó ń ti páàdì mọ́ ọn.

Àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí kì í dé Bẹẹrẹ ní ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n. Inú kòǹténà ni wọ́n ń bá dé, àwọn àti fìríìjì àlòkù àti ẹ̀rọ ìlọta àlòkù. Ohun tí ó jẹ́ tuntun lókè òkun lónìí ni yóò di tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí ni kò jẹ́ kí àsọtẹ́lẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ eré. Ohun tí àwọn kan ń yà sórí bébà báyìí ní ìlú òyìnbó ni ọmọ yìí yóò máa tú palẹ̀ nígbà tí òun náà bá di ọ̀gá.

Ní ìgbà òjò kan, ọmọ ilé-ìwé kan láti Bẹyẹrúnkà gbé kẹ̀kẹ́ òkè tòkunbọ̀ kan wá. Bí ó bá fún ọwọ́ ìjánu iwájú, ó ń rọ̀ wá títí yóò fi kan irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Bàbá ti lọ kírun. Ọmọṣẹ́ mọ̀ pé epo ni ó dín. Ó lọ ra ìgò epo bíréèkì ọkọ̀ lọ́dọ̀ onísípéà, ó rọ ọ́ sínú rẹ̀, ó fún un títí atẹ́gùn fi jáde, ọwọ́ ìjánu náà sì le dáadáa. Ó gba owó, ó ní ó ti dára.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọ náà ń sọ̀ láti Màpó bọ̀ wá sí Bẹẹrẹ. Ó fún ìjánu iwájú, kò mú. Ó fún ti ẹ̀yìn, èyí tí páàdì rẹ̀ ti jẹ tán tipẹ́. Ó rí ọkọ̀, ó rí ènìyàn, ó sì darí kẹ̀kẹ́ sínú àtẹ elélùbọ́ kan. Èlùbọ́ gba ojú ọ̀run, àwọn ènìyàn pariwo. Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀, ọmọ náà ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Egungun ibẹ̀ ti ṣẹ́. Bí kò bá sí àtẹ náà, ohun tí à bá máa sọ kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́.

Ìyá ọmọ náà wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀ níwájú àtíbàbà, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ní ó ti dára.” Ó sì yí padà lọ. Bàbá san owó atẹ́gungun, ó san owó èlùbọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò ṣeé san.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọṣẹ́ fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lórí ìdérí ibi tí epo wà. Lábẹ́ ẹrẹ̀ ni ìkọ̀wé kékeré kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé epo alùmọ́nì nìkan ni kí á lò. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Epo alùmọ́nì àti epo bíréèkì ọkọ̀ jọ ara wọn lójú, wọn kò jọ ara wọn nínú. Òrùka rọ́bà tí ń dí epo mọ́, irú epo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún; bí ó bá mu èkejì, yóò wú, yóò rọ̀, yóò há mọ́ ibi tí ó wà. Epo ọkọ̀ tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí ìjánu sì gbóná lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò hó, ọwọ́ ìjánu yóò sì di òfìfo.

Ní òwúrọ̀, Bàbá pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gba kẹ̀kẹ́ oníjàánu epo mọ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí a bá kọ ti epo lónìí, kí ni a ó máa ṣe ní ọdún mẹ́wàá òní? Raleigh ń tán lọ. Ẹ ó fún mi ní òmìnira, n kò sì ní í rí kẹ̀kẹ́ tún ṣe.” Arúgbó náà kò fèsì, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Nígbà tí inú rọ̀, ó ní kí ọmọ ka ohun tí ń bọ̀ fún òun, kí ó má fi ọ̀kan pamọ́. Ọmọ gbé fóònù rẹ̀, ó ń túmọ̀. Ó ní àwọn kan ti dojú fọ́ọ̀kì délẹ̀, apá tí ó tóbi ni ó wà lókè, apá dídán tí ń wọlé-jáde ni ó wà nísàlẹ̀. Fox gbé ọ̀kan jáde ní 2025. Ó ní láti 2021 ni RockShox ti ń ta èyí tí mọ́tò kékeré àti bátìrì wà lára rẹ̀, tí ń mọ ìgbà tí ọ̀nà gún tàbí tí ó tẹ́jú, tí ó sì ń mú ara rẹ̀ le tàbí rọ̀. Ó ní Bosch ti fi irú ìjánu ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà há han ayé fún kẹ̀kẹ́ oníná ní 2017. Òun lérò pé nígbà tí ó bá ṣe, wáyà iná nìkan ni yóò so ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìjánu, epo kò sì ní í sí mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni Bàbá bi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni ó ń jẹ? Bí ó bá ń ṣàìsàn, báwo ni yóò ṣe sọ fún wa? Ta ni a gbà láyè láti ṣí i?

Ti fọ́ọ̀kì ìdojúdélẹ̀, ó ní apá dídán náà yóò máa fi ara kan ẹrẹ̀ gọ́tà Bẹẹrẹ. Ọmọ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ yóò máa ṣàn wá sórí rọ́bà nísàlẹ̀, kò ní í jẹ́ kí ó gbẹ. Bàbá gbà pé ìyẹn ní làákàyè nínú. Ti onímọ́tò, ó ní bí bátìrì bá kú, ó yẹ kí fọ́ọ̀kì ṣì jẹ́ fọ́ọ̀kì. Nígbà tí ó gbọ́ pé RockShox gan-an ní kí á máa tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì wọn palẹ̀ lẹ́yìn 50 wákàtí ìgùn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù kiri Ọjà'ba yóò lo 50 wákàtí kí oṣù méjì tó pé. Ta ni yóò tú u fún un? Ti ìjánu oníwáyà iná, ó ní kò sí ìkà tí ó ju ohun tí kì í kìlọ̀ kí ó tó kú.

Ohun kan ṣoṣo ni ó mú inú rẹ̀ dùn. SRAM, tí ó ti lo epo bíi ti ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ìjánu olóróró alùmọ́nì jáde ní 2022, ó tún gbé òmíràn tí ó lágbára jáde ní 2024. Bí gbogbo wọn bá lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí epo kan, àṣìṣe ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kò ní í ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá ní bí ó bá ṣe pé òun ni wọ́n pè sí ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń yà á, òun kò ní í béèrè ohun tí ó yára. Òun yóò ní kí wọ́n fi àwọ̀ sí ìdérí epo, pupa fún ọ̀kan, àwọ̀ ewé fún èkejì, kí ẹni tí kò ka ìwé lè mọ̀ ọ́n. Òun yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí òrùka rọ́bà wà fún títà lọ́tọ̀, kí ó má jẹ́ pé odindi ìjánu ni a ó máa sọ nù nítorí rọ́bà tí kò tó ìka ọwọ́.

Wọ́n yí àṣẹ náà padà. Wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ oníjàánu epo, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò kọ́kọ́ nu ìdérí, tí yóò ka ohun tí ó wà níbẹ̀ sókè kí Bàbá gbọ́. Ìgò epo méjèèjì wà ní àtíbàbà báyìí, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, aṣọ pupa sì wà lọ́rùn ti ọkọ̀. Òfin kejì ni pé ẹni tí ó bá tún ìjánu ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún sọ̀ láti Màpó.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ Bẹyẹrúnkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òfin náà, lẹ́yìn tí wọ́n rí òrùka tuntun fún un. Ọmọṣẹ́ tì í gun òkè dé iwájú Gbọ̀ngàn. Bàbá dúró nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ elélùbọ́, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti jiná dúró tì í, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, fọ́ọ̀kì ń mì lórí kòtò, ó dé ibi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró. Bàbá fi ọwọ́ kan àwo irin náà, ó gbóná. Ó fún ọwọ́ ìjánu ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó le. Ìyá ọmọ ń wò ó. Kò sọ pé ó ti dára. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ gbé e padà wá ní oṣù tí ń bọ̀, kí a tún un yẹ̀ wò.”