‘Kí Ni A Fẹ́ Fi Yorùbá Ṣe?’

Ní ọdún 1986, nígbà tí ètò SAP dé, iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Mo kó ìwé-ẹ̀rí mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti Yorùbá sínú fáìlì, mo ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn ní Ìbàdàn. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bá pàdé: ‘Kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe níbí?’ Ní ilé-ìfowópamọ́ kan, ọ̀gá tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí yíjú sí ìyá àgbà kan tí fọ́ọ̀mù rú lójú. Yorùbá ni ó fi ṣàlàyé fún un. Ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn, kò sì mọ̀. N kò lè wí. Ẹni tí ń wáṣẹ́ kì í bá ọ̀gá jiyàn.

Lẹ́yìn oṣù 14, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan gbà mí. Owó oṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ fi etí ara wọn ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀, mo mọ̀ pé mo ti rí iṣẹ́ tí ó bá mi mu.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé: ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kí n yọ Yorùbá kúrò nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi?’ Ìdáhùn tí ó há mi lọ́fun lọ́jọ́sí ni mo fún un: kí ó má yọ ọ́, kí ó kọ ohun tí Yorùbá lè ṣe fún wọn sókè lẹ́tà, kí wọ́n tó bi í.