Orogún Méjì Nílẹ̀ Íńdíà

Ẹ̀yin ìyàwó tí bọ́ọ̀lù ti di orogún yín, ẹ jẹ́ kí á dé ilẹ̀ Íńdíà wò. Orogún méjì ni àwọn aya ibẹ̀ ní. Èkíní ni kíríkẹ́ẹ̀tì, tí ìfigagbága kan lè gba ọjọ́ márùn-ún. Láti 1983 tí ikọ̀ Kapil Dev ti gba Ife Àgbáyé ni ìfẹ́ rẹ̀ ti le sí i. Èkejì ni tẹlifíṣọ̀n. Láti 1987 sí 1988, bí eré Ramayan bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìgboro a dá páropáro. Àwọn mìíràn a wẹ̀, wọn a sì fi òdòdó ṣe ẹ̀rọ náà lọ́ṣọ̀ọ́ bí ojúbọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Aládùúgbò a máa kún ilé ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Lónìí, fóònù ti dá olúkúlùkù jókòó. Bí baálé bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ fa àga yín sún mọ́ ọn.