Bí Ẹ̀rọ Àtẹ́lẹwọ́ Kan Ṣe Mọ Ibi Tí Ó Dúró Sí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò wá, àti ẹ̀yin onílé, ọmọ Làìbéríà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni mo mú tọ̀ yín wá. Kì í ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ni ó jẹ mí lógún, bí kò ṣe àwọn ọmọ tí kì í lè wá sí ilé-ìwé nígbà òjò.

Gardnersville ni mo ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ẹni tí ó bá ti gba Somalia Drive láti èbúté Freeport lọ sí Red Light yóò mọ àdúgbò náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, àbàtà Stockton Creek sì wà nítòsí. Òjò tí ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún ju 4,000 mìlímítà lọ. Àwọn olú-ìlú tí òjò wọn tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní gbogbo ayé. Bí oṣù Kẹfà bá ti dé, omi a bo ọ̀nà àárín ilé, a sì bo kòtò pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ọdún méje yóò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òjò òwúrọ̀? Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kò wá fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ wí fún mi pé, "Tíṣà, ọmọ mi kò sá fún ìwé. Ẹ sá fi ọ̀nà tí kò ní kòtò hàn mí, èmi fúnra mi yóò máa mú un wá."

Fóònù tèmi kò ní GPS. Ìdí nìyí tí mo fi yá kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ ògbólógbòó kan lọ́wọ́ ọmọ ìlú wa kan tí ń ṣòwò ní Waterside. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé GPS wà nínú rẹ̀. A fi ètò ìtọ́nà àti máàpù Làìbéríà sí i, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá ṣí i, ètò náà a ní òun kò rí GPS kankan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ó wà níbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Àbúrò, ó wà níbẹ̀ bí ìgbín ti wà nínú ìkarahun. Àwọn méjèèjì ni wọn kò tíì mọ ara wọn."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí ìjọba Amẹ́ríkà ni, ń yí ayé ká ní òkè tí ó tó 20,200 kìlómítà, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ wọn. Àkókò ni wọ́n ń kéde. Ẹ̀yà tí ń gbọ́ wọn nínú ẹ̀rọ a wo bí ìkéde náà ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Bí ó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè ṣírò ibi tí ó wà. Títí di ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìkéde ti gbogbo ènìyàn rú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi 100 mítà yàtọ̀ sí òtítọ́. Ní Gardnersville, ọgọ́rùn-ún mítà lè gbé ènìyàn sínú àbàtà.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ̀yà náà a kọ èsì rẹ̀ ní gbólóhùn gbólóhùn, ní ìlànà tí à ń pè ní NMEA 0183, àmì dọ́là a sì ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn kan tí ó ní nọ́ńbà ni ó ń gbà jáde: COM1, COM2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ètò bá ń tẹ́tí ní ilẹ̀kùn kìn-ín-ní, tí GPS sì ń sọ̀rọ̀ ní ìkeje, inú ilé kan náà ni wọn yóò wà títí ayé láìgbọ́ ara wọn. Ìyára ọ̀rọ̀ wọn tún gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdàrúdàpọ̀ lẹ́tà ni ètò yóò rí. Nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ètò méjì kò lè di ilẹ̀kùn kan náà mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2005, Microsoft fi alágbàsọ kan sínú Windows Mobile 5.0 tí ń gba ọ̀rọ̀ GPS tí ó sì ń pín in fún gbogbo ètò tí ó bá béèrè. Ẹ̀rọ tiwa ṣáájú ìgbà náà. Fóònù òde-òní pàápàá ní ilẹ̀kùn tirẹ̀: bí ẹ kò bá fún ètò láyè láti mọ ibi tí ẹ wà, kò ní rí GPS.

A pa gbogbo ètò yòókù, a bẹ̀rẹ̀ láti COM1, a ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìkeje, lẹ́tà játijàti jáde. A sọ ìyára di 4,800, àmì dọ́là sì tò wálẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Síbẹ̀, lẹ́tà V ni ó wà nínú gbólóhùn náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò tíì mọ ibi tí ó wà. Abẹ́ páànù ni a jókòó sí. A gbé e jáde sí gbangba, a sì ní sùúrù, nítorí ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀ ni sátẹ́láìtì fi ń ka ìwé orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí V di A, àwọn ọmọdé tí ń wò wá hó yèè. Ọjọ́ tí ó kọ jẹ́ ti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nítorí 1,024 ọ̀sẹ̀ péré ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kà kí ó tó padà sí òdo, ó sì padà ní oṣù Kẹrin 2019. Ṣùgbọ́n ibi tí ó tọ́ka sí tọ̀nà.

Máàpù náà wá láti OpenStreetMap. Nígbà àrùn Ebola ní 2014, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni láti ilẹ̀ púpọ̀ jókòó sílé wọn, wọ́n ń fi àwòrán láti òkè ya ọ̀nà àti ilé Làìbéríà, Guinea àti Sierra Leone sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba abẹ́ òrùlé kọjá láti òkè? Nítorí náà, ní Sátidé méjì, èmi àti àwọn òbí kan rìn ín, a sì ń fi àmì sí ibi tí ilẹ̀ le, ibi tí pákó wà àti ibi tí omi ń gbé. A kò fi àmì sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kankan. N kò rò pé ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí lélẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ọ̀nà tuntun náà fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ọmọbìnrin náà bá a wá ní ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ẹrẹ̀ díẹ̀ sì wà ní bàtà àwọn méjèèjì. Ó ku ìhà Chocolate City tí a kò tíì rìn, bátìrì ẹ̀rọ náà kì í sì pé wákàtí méjì mọ́.