Owó Ọjà Ìyàwó Mi Ni Mo Fi Ra Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn lè ṣubú sínú kòtò tí mo ti ṣubú sí.

Níbi tí àwa olùkọ́ bá ti pàdé, ìbáà ṣe níbi ìnáwó ní Òkukù tàbí níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ní Ìkìrun, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Nínú ọkọ̀ Jàpáànì, ọkọ̀ Kòríà àti ọkọ̀ Yúróòpù, èwo ni ó ń tọ́jọ́? Èwo ni apá tálákà lè ká láti tọ́jú? Ẹnìkan á ní Jàpáànì ni, ẹlòmíràn á ní kò sí ohun tí ó tó ti Jámánì. Èmi ti ní oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọkọ̀ Yúróòpù ni ó gba ojú ọ̀nà wa kan. Bedford àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, tí a ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, ni ó ń kó kòkó àti obì. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní 1975, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa fi tirẹ̀ ra Volkswagen kékeré, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kò mọ omi. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ sí to tirẹ̀ ní Èkó. Ìdí tí Peugeot 504 fi di ọkọ̀ gbogbo ìlú nìyẹn. Nílé níhìn-ín ni wọ́n ti ń tò ó, páàtì rẹ̀ wà káàkiri, òun sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ń kọ́ṣẹ́.

Èmi náà ra 504 àlòkù ní 1994. Ọkọ̀ tí ó ti dàgbà kò lè ṣe kí ó má rẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní Ìkìrun yóò kàn tẹ́tí sí i bí babaláwo tí ń gbọ́ ohùn ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni, yóò tú káábúrétọ̀, yóò fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, yóò fi ẹnu fẹ́ ẹ, ọkọ̀ á sì dìde. Kò lo ẹ̀rọ kankan ju sípánà àti etí rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n kí 2010 tó dé, wọn kò to 504 mọ́ ní Kàdúná, ti èmi sì ti gbó. Ọkọ̀ tuntun ńkọ́? Láti 1986 tí iye náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun ti kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Tòkunbọ̀ ni ó kù fún wa.

Ní 2013, mo rí ọkọ̀ Kòríà kan tí ó wù mí dé egungun. Ó ń dán, ó tutù nínú bí ìdí àmù, owó rẹ̀ sì fi púpọ̀ kéré sí ti Jàpáànì tí wọ́n jọ dé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá mi ní 400,000 náírà, ṣùgbọ́n 750,000 náírà ni wọ́n ń pe ọkọ̀. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ń ta aṣọ ní ọjà Ìkìrun. Owó tí yóò fi ra ọjà Iléyá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbé e fún mi. Mo ní kí Iléyá tó dé, n ó ti dá a padà.

Ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún mi kò tàn mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì yìí kí ẹ tó máa ná an lọ síbi tó jìnnà." Mo béèrè iye tí yóò ná mi, wọ́n ní 30,000 náírà. Mo wo ọkọ̀ tí ń dún bí ológbò tí ó ń sùn, mo ní kí ni ó ṣe ọkọ̀ yìí tí n ó fi da owó nù? N kò sì sọ fún ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà. Nínú ẹ́ńjìnnì, ohun kan gbọ́dọ̀ so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè kí wọ́n lè jọ máa yí pọ̀ láìṣìsẹ̀. Nínú àwọn kan, ṣéènì irin ni. Nínú àwọn mìíràn, bẹ́líìtì rọ́bà ni. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ Kòríà tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, bẹ́líìtì ni wọ́n ní, ìwé wọn a sì máa sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rìn tó máìlì 60,000. Ti èmi ti ka 71,000 kí n tó rà á. Bẹ́líìtì yìí kì í kígbe kí ó tó já. Bí ó bá sì já nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítìnì yóò gbá fáàfù, yóò sì tẹ̀ wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní 2014, mo ń ti Inísà lọ síbi iṣẹ́ mi ní Òkukù. Láàárín ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kú fin-ín bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ àtùpà pa. Kò rú èéfín, kò pariwo. A fi okùn fà á dé Ìkìrun. Ọ̀gá mẹkáníìkì tú u, ó gbé fáàfù méjì lé mi lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ bí ìṣó tí ọmọdé kàn. Ìyá Ìbejì ti gbọ́, ó ti ti ọjà wá. Ojú rẹ̀ ni ọ̀gá fi béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹni tó tà á kò sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì fún yín ni?"

N kò lè dáhùn. Ìyàwó mi wò mí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ mọ̀?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sọ́jà.

A wá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Òṣogbo, a kò rí. A wá a dé Ìlọrin, a kò rí. Oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìẹ ń sàba sábẹ́ rẹ̀, kí a tó rí ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Òun àti iṣẹ́ rẹ̀ gba 210,000 náírà lọ́wọ́ mi, nítorí 30,000 tí mo ṣahun rẹ̀. Iléyá dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyàwó mi ń tú aṣọ fún oníbàárà, òun jókòó ti ìwọ̀nba aṣọ tí ó ṣẹ́kù. Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ta ọkọ̀ yẹn ní 2016, mo ra Toyota Corolla. Ṣéènì ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, páàtì rẹ̀ wà ní Ìkìrun níbí, ọmọ iṣẹ́ ọdún kan pàápàá mọ ìdí rẹ̀. Mo wá di oníwàásù Jàpáànì. Níbi gbogbo tí mo bá dé, Jàpáànì ni mo ń yìn.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín kò mọ Jàpáànì o." Ó fi nọ́ńbà ṣẹ́sì hàn mí ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Létà àti nọ́ńbà 17 ni. Bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é. K ni ti Kòríà, W ni ti Jámánì, VF ni ti Faransé. 1, 4 tàbí 5 ni ti Amẹ́ríkà, 2 sì ni ti Kánádà. Ti èmi fi 2 bẹ̀rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni àwọn ará Jàpáànì sì ń gbà. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n lò nílé wọn kò bá ọ̀nà wa mu. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Láti 1988 ni Toyota ti ń ṣe Camry ní Kentucky, láti 2005 sì ni Hyundai ti ń ṣe ọkọ̀ ní Alabama, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ìlú tí ọkọ̀ ti wá kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ìlú rẹ mọ̀, tí páàtì rẹ̀ wà nítòsí, tí ìwọ náà sì ń tọ́jú, òun ni ọkọ̀ tí ó dára. Ohun tí ó gbé 504 ga láyé ìjọ́sí ni ó gbé Corolla ga lónìí.

Kí n má baà ṣe àṣìwí, Kòríà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Láti 1998 ni Hyundai ti ń ṣe ìlérí ọdún 10 lórí ẹ́ńjìnnì fún ẹni tí ó bá ra tuntun ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìlérí yẹn kì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn tuntun ti ń lo ṣéènì pẹ̀lú. Ti Yúróòpù a máa dúró gírí lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ti òde òní kún fún kọ̀ǹpútà. Bí iná kan bá tàn nínú rẹ̀, etí ọ̀gá mi kò tó mọ́, àfi ẹ̀rọ tí ń ka àrùn ọkọ̀. Jàpáànì náà ní tirẹ̀: nítorí pé gbogbo ayé ń wá a, owó rẹ̀ ga, ayédèrú páàtì rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Bí o kò bá sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ṣéènì irin náà yóò jẹ.

Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì tún já wálẹ̀, kò sí ààyè fún àṣìṣe mọ́. Nítorí náà, kí o tó sanwó ọkọ̀, kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ tọ mẹkáníìkì rẹ lọ. Bi í pé ṣé ó ti tú irú rẹ̀ rí, níbo ni páàtì rẹ̀ wà, ṣéènì ni tàbí bẹ́líìtì? Lẹ́yìn náà, ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí o tó ka owó ọkọ̀. Bí owó náà kò bá tó méjèèjì, kò tíì tó ọkọ̀ rà.

Ní ti èmi, mo ti san owó Ìyá Ìbejì tán, ó pẹ́ kí n tó san án. Nísinsìnyí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ wa wà. Òun ni ó ń kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì sílẹ̀, òun ni ó sì ń ju owó sínú kóló ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ báyìí, á béèrè pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí ohun tí mẹkáníìkì sọ tí ẹ kò tíì sọ fún mi?"

N ó dáhùn, n ó sì sọ òótọ́.