Mítà 2.5

Tí ẹ bá wo èsì ìdíje àgbáyé eré orí pápá ti ọdún 2022, èyí tó wáyé ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí nọ́ńbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣekágbá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí àwọn obìnrin fi ń fo ìdènà: +2.5. Nọ́ńbà yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Òun ni kò jẹ́ kí eré tó yá jù tí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá rí wọ inú ìwé.

Eré méjì ló sá lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 24 oṣù Keje. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Báyìí ni àkọsílẹ̀ àgbáyé ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. 12.20 ni Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà ti fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2016. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn wọn kò ju mítà 0.9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Nígbà tó tó bíi wákàtí méjì, wọ́n tún tò sórí ìlà, Tóbi sì sá a ní 12.06. Britany Anderson ará Jàmáíkà àti Jasmine Camacho-Quinn ará Puerto Rico jọ wọlé tẹ̀lé e ní 12.23. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní 2.5, òfin ní kò gbọ́dọ̀ ju 2.0 lọ. Wọ́n gbé wúrà fún un, wọ́n sì gba àkókò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ débi pé a kò lè ka àkókò, kí ló dé tí kò pọ̀ débi pé a kò lè fúnni ní wúrà? Mo rò ó títí. Ohun tó yé mi ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ló fẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́yìn. Ẹni tó wà lórí pápá kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni òfin ń gbèjà: ẹni tó ti sá tirẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àti ẹni tí wọn kò tíì bí. Ìyẹn dára. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́, níbi tó ku àádọ́ta mítà kí eré parí. Ìṣẹ́jú-àáyá 13 ló fi ń wọn afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí ìbọn bá ti dún. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni ti gbogbo wọn. Tí afẹ́fẹ́ bá wá dojú kọ wọ́n ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa yọ ohunkóhun kúrò nínú àkókò wọn láti fi gbà wọ́n. Èyí tó bá ràn ọ́ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà padà.

Mo mọ ibi tí ẹ rò pé mo ń lọ. Ẹ rò pé mo fẹ́ sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ àwọn eléré wa nílé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, kí n sì mẹ́nu ba àwọn eléré Nàìjíríà mẹ́wàá tí wọn kò gbà láyè láti díje ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, torí pé àyẹ̀wò oògùn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn ṣáájú kò pé. Òótọ́ ni. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Kì í ṣe ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lónìí nìyẹn.

Ọmọ kíláàsì wa kan nílé ìwé ló jẹ́ kí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yé mi. Ọjọ́ ìntá-háòsì, ìdíje eré ìdárayá ilé ìwé wa, ni. Káfíńtà ilé ìwé ló kan àwọn ìdènà wa, pákó gidi, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Tí ẹsẹ̀ bá kàn án, pákó kò ní ṣubú, ìwọ lo máa ṣubú. Òjò ti ṣú. Atẹ́gùn tó ń ṣáájú òjò gbé eruku láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré, ó sì ń ti kánópì àwọn òbí. Ọmọ yìí ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, háòsì aláwọ̀ ìyeyè ti ń jó kí ìbọn tó dún, torí kò sẹ́ni tó máa ń bá a. Ó fo àkọ́kọ́, ó fo èkejì. Ní ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ ló fi gbá pákó, ó nà gbalaja sórí ẹ̀fun tí wọ́n fi fa ìlà. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí tíṣà bi í pé kí ló dé tí kò fò, ó ní, “Èmi kọ́ ni mo lọ bá a, Mà. Òun ló wá bá mi.” Gbogbo sáà yẹn la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba òdo nínú ìṣirò á ní òdo ló wá bá òun.

Ọmọ yẹn kò parọ́ rárá. Ìdènà mẹ́wàá ló wà nínú eré yìí. Mítà 13 ni wọ́n ń sá kí wọ́n tó kan àkọ́kọ́, mítà 8.5 ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé láàárín méjì, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Tí afẹ́fẹ́ bá ń tì ọ́ lẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gùn sí i, mítà 8.5 kò sì ní kúrò ní mítà 8.5. Bí o bá ṣe ń lọ ni ìdènà á máa sún mọ́ ọ jù. O ní láti gé ìṣísẹ̀ rẹ kúrú, kí o sì tún máa yára gbé e, lórí eré tí kò fún ọ láyè láti ronú. Nínú ọgọ́rùn-ún mítà lásán, èrè pátápátá ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn. Nínú eré ìdènà, ó lè gbé ọ sáré, ó sì lè gbé ọ kọ lu pákó. 2.0 kan náà sì ni òfin fi ń wọn méjèèjì.

Ó yẹ kí n sọ pé Tóbi kò ga rárá, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni àyè máa ń há mọ́ jù nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn.

Lẹ́yìn 12.12, Michael Johnson, àgbà eléré Amẹ́ríkà tó ń ṣe àlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, sọ pé àfàìmọ̀ kí aago má ti ṣìṣe. Àwọn ọmọ Nàìjíríà rọ òjò èébú lé e lórí lóríi Twitter. Ṣùgbọ́n aago lọkùnrin náà bá wí, kò bá ọmọbìnrin náà wí, èmi ò sì bá a jà. Bíi wákàtí méjì lẹ́yìn 12.12 náà, Tóbi lọ sá 12.06, èsì tí òfin kò gbà láàyè láti dá a lóhùn.

Lójú tèmi, àṣekágbá yẹn ló le jù nínú eré méjèèjì. Ó sá a lẹ́yìn tó ti gba àkọsílẹ̀ àgbáyé tán, nínú afẹ́fẹ́ tó ń ti ìdènà wá bá a nígbà mẹ́wàá, kò sì sí èyí tó gbé e ṣubú. 12.12 ni ìwé kọ sílẹ̀. Eré kejì ló gba wúrà, wúrà àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà máa gbà nínú ìdíje àgbáyé náà.