Yorùbá Ọmọ Ìta Ni, Ṣùgbọ́n Yorùbá Ni

 

Lánàá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ mi ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù lórí The Headies, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn olórin wa. Ta ló yẹ kó gbà á, ta ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ọ̀kan ní Asake lọ̀gá gbogbo wọn. Wọ́n rò pé ìyá àgbà ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Èmi kàn ń rán aṣọ mi lọ ni. Wọn ò mọ̀ pé àmì ẹ̀yẹ yẹn ti mú mi sunkún rí, lọ́dún 2010.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àkọ́bí mi nígbà yẹn. Ìsẹ́yìn la ti wá, ṣùgbọ́n ibí la bí i sí. Ó gbọ́ Hausa dáadáa, ó gbọ́ Igala díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré, òyìnbó ni nílé ìwé. Yorùbá nìkan ni ò dán mọ́rán lẹ́nu ẹ̀. Tí ìyá mi bá pè láti Ìsẹ́yìn, tó ní kí n gbé fóònù fún un, "Ẹ káàárọ̀ mà" ló máa sọ, ì báà jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, á sì dá fóònù padà fún mi. Ìyá mi á ní, "Ṣé ẹ kì í sọ Yorùbá nílé yín ni?" Mo máa ń fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ó ń dùn mí. Èmi náà ni mo jẹ̀bi, èmi tí mò ń fi ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́ bá a sọ̀rọ̀, nítorí mo fẹ́ kó mọ̀wé.

Ìgbà náà lorin DaGrin gbòde. Yorùbá ló fi ń rap, kì í ṣe Yorùbá inú Bíbélì o, Yorùbá ìgboro Èkó ni. Àwo ẹ̀, C.E.O, jáde ní 2009. "Chief Executive Omota" ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orúkọ! Ọmọ mi kó gbogbo ẹ̀ sínú mẹ́móríkáàdì, ó ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ kan mo yọ káàdì náà, mo sọ ọ́ sínú agolo tí mò ń kó bọ́tìnnì sí. Mo ní orin ọmọ ìta ò ní wọ ilé mi.

Nínú oṣù kẹrin ọdún 2010, DaGrin fi mọ́tò kọ lu tírélà tó dúró sójú ọ̀nà ní Mushin. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ó kú. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwa tá à ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà ní Lọ́kọ́jà yìí, a mọ ohun tí tírélà tó dúró lókùnkùn lè fa. Ọmọ mi wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣebí ariwo ti tán báyìí." Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe Hip Hop World Awards ní Àbújá níbí. Òun náà ni wọ́n wá ń pè ní The Headies, láti 2006 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wande Coal ló gba àmì ẹ̀yẹ tó pọ̀ jù lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Mushin kan náà tí ìjàǹbá yẹn ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó kan àwo rap tó dára jù lọ, C.E.O ni wọ́n pè. Ní Nàìjíríà tí gbogbo ẹ̀yà wà nínú ẹ̀, tí àwọn tó ń fi òyìnbó rap pọ̀ lọ jàra, Yorùbá ìgboro ló gbapò kìíní. Àmọ́ ẹni tó ni ín ti wà nínú ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Mọ́mì, wọ́n fún un." Omi bọ́ lójú mi sórí aṣọ oníbàárà. Mo ṣí agolo bọ́tìnnì, mo dá káàdì padà, mo ní kó tan orin náà kí n gbọ́. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tí mi ò lè tún sọ níwájú pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ebi wà níbẹ̀, ìyà wà níbẹ̀, àdúrà náà wà níbẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: "Mọ́mì, kí ni ìtumọ̀ eléyìí?" Ìgbà míì mo mọ̀ ọ́n, ìgbà míì màá ní kó jẹ́ ká pe ìyá mi.

Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, òun àti ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí owó fi tán lórí ẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Yorùbá ọmọ ìta lọmọ yìí ń sọ o!" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Yorùbá ni."

Látìgbà náà, mo ti ń fọkàn bá ayẹyẹ yẹn lọ. Wizkid gba Next Rated ní 2011, Davido gbà á ní 2012. Ní 2023 tí wọ́n ṣe é ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, Asake ló gbà á. Ahmed Ololade lorúkọ ẹ̀. Orúkọ ìyá ẹ̀ ló fi ń kọrin. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, àwọn tí ò gbọ́ ọ sì ń jó.

Àmọ́ ẹ̀yin òbí, olórin ò lè bá wa kọ́ ọmọ nílé. Olórin á kọ ọ̀rọ̀ náà. Ta lọmọ máa bi ní ìtumọ̀? Àwọn Oworo tá a bá lórí ilẹ̀ yìí, tí èdè wọn bá tiwa tan, àárín Nupe, Igala àti Ebira ni wọ́n wà látayébáyé, èdè wọn ò sì kú. Kí ló dé tí tiwa á fi kú láàárín ìran kan péré?

Ọmọ mi ti di bàbá báyìí, Àbújá ló ń gbé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó gbé fóònù fún ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ káalẹ́."

Alẹ́ ni lóòótọ́.

Ó dàárọ̀ o, ará wa.